Ọ̀gá Tó Ní Kí Gbogbo Fíìmù Padà Sábúlé

Ẹ jókòó dáadáa, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìròyìn òun lórí ìdúró. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, mi ò ní dá a. Ọ̀gá Pátápátá ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun náà sì gbà pé orúkọ náà kéré díẹ̀ sí òun. Òun ni olórí ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ fíìmù wò. Tó o bá ṣe fíìmù, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò sì sí lára ìwé àṣẹ rẹ, a jẹ́ pé nínú yàrá rẹ ni ìwọ àti ẹbí rẹ yóò ti máa wò ó.

Tí Ọ̀gá bá ń wọ ọ́fíìsì láàárọ̀, èèyàn mẹ́rin ló ń tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀kan gbé báàgì. Ọ̀kan gbé àpò awò ojú, awò ojú fúnra rẹ̀ sì wà lójú Ọ̀gá. Ẹnì kẹrin kò gbé nǹkan kan. Ó kàn ń rìn bọ̀ lẹ́yìn ni, nítorí pé ìwé ìgbéga Ọ̀gá sọ pé èèyàn mẹ́rin ló tọ́ sí i, kò sì sí ẹni tí yóò fi ẹ̀tọ́ Ọ̀gá dù ú. Tó bá sín, gbogbo ọ́fíìsì á dìde. Tó bá sín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Mo mọ obìnrin kan tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ní lásìkò ọyẹ́, ọwọ́ àwọn máa ń wú.

Akọ̀wé rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà. Ọkùnrin náà ti sọ bẹ́ẹ̀ ni títí tí kò fi mọ̀gbà tó ń sọ ọ́ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ á bi í nílé pé ṣé ó ti jẹun tàbí kò tíì jẹun, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Obìnrin náà á sì gbé oúnjẹ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn.

Ẹ mọ irú fíìmù tí wọ́n ń ṣe lágbègbè wa. Ọmọ kan á di ẹrù rẹ̀, ìyá rẹ̀ á dúró létí títì títí eruku ọkọ̀ á fi bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọmọ á dé ìlú ńlá, á gbójú sókè máa wo ilé alájà mẹ́wàá títí ẹni kan á fi kọlù ú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ̀wé sílé pé òun ti kọ́lé, yàrá kan ṣoṣo lòun àti èèyàn márùn-ún jọ ń sùn sí. Àwọn kan á rọ́wọ́ mú, àwọn kan á bàjẹ́, àwọn kan á padà sílé, àwọn kan ò ní padà. Èmi fẹ́ràn fíìmù wọ̀nyí gan-an. Mo ti sunkún níbẹ̀ rí, ojú ò sì tì mí.

Àmọ́ lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ Ọ̀gá há sáàárín èrò níwájú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó wo èrò títí, ó wá béèrè pé, "Níbo ni gbogbo àwọn èèyàn yìí ti ń wá gan-an?"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà rò ó díẹ̀. "Inú fíìmù ni, sà."

Ọ̀gá ní, "Inú fíìmù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n rí i nínú fíìmù pé èèyàn ń wá sílùú ńlá, ni wọ́n bá wá."

Bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí Ọ̀gá fi gbé e jáde. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni tó bá kúrò lábúlé nínú fíìmù gbọ́dọ̀ ti padà síbẹ̀ kí fíìmù tó parí. Èkejì, ìṣẹ́jú abúlé gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú ìlú ńlá lọ. Wọ́n gba ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un ní aago méjì, ọ̀kan fún abúlé, ọ̀kan fún ìlú ńlá. Kì í wo ìtàn rárá, ìṣẹ́jú ló ń kà. Oníṣẹ́jú ni wọ́n sì ń pè é.

Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí fíìmù lọ́dún yẹn. Wọ́n ṣe ọ̀kan nípa àwọn olè tó fọ́ báǹkì. Nígbà tó kù ìṣẹ́jú márùn-ún kó parí, olè, ọlọ́pàá tó ń lé e, àti adájọ́ tó fẹ́ dájọ́ rẹ̀, gbogbo wọn bọ́ sínú bọ́ọ̀sì kan náà, wọ́n kọrí sábúlé. Nínú òmíràn, ìyàwó ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́, ó rántí ilé, ó ju kálámù sílẹ̀, ó sáré lọ wọkọ̀. Ọkọ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó. Bọ́ọ̀sì kan náà ni gbogbo àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń háyà, torí ẹni tó ni ín kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún, awakọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ti hàn nínú fíìmù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sì sọ̀rọ̀ rí nínú ẹyọ kan. Àwọn ọmọge wá ń dá a dúró lójú pópó pé kó jẹ́ káwọn bá a ya fọ́tò.

Obìnrin kan wà tó ń ṣe fíìmù. Ìyá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Aránṣọ, nítorí náà Ọmọ Aránṣọ ni wọ́n ń pe òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ìyá yìí nígbà tó ru orí maṣíìnì, tó gun ọkọ̀ ẹrù kúrò lábúlé. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn gáréèjì, ó ránṣọ níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógójì, ó tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú. Kò padà, kò sì kábàámọ̀. Ìtàn yìí gẹ́lẹ́ ni ọmọ rẹ̀ fi ṣe fíìmù, ọdún mẹ́rin ló sì fi ṣe é.

Ojú ìyá yìí ni ìṣòro. Tòsì ti lọ. Dókítà ní tọ̀tún kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ. Ọmọ fẹ́ kí ìyá rí fíìmù náà kí ojú tó tán, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé kéré jù fún ìwọ̀nba ìríran tó kù. Bí òjìji lásán ló ń rí níbẹ̀. Àfi kí ó rí i ní gbọ̀ngàn sinimá, lára aṣọ funfun tó fẹ̀ tó ògiri ilé, kó jókòó síwájú pátápátá. Kò sì sí gbọ̀ngàn tó máa gbé fíìmù sókè láìní òǹtẹ̀ Ọ̀gá.

Bó ṣe gbé fíìmù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Oníṣẹ́jú wò ó pẹ̀lú aago méjèèjì, ó wá dúró níwájú tábìlì Ọ̀gá.

"Abúlé, ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, sà. Ìlú ńlá, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Aránṣọ náà ò sì padà."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ẹni tó gbé àpò awò ojú sáré wá, ó ṣí àpò, Ọ̀gá ò fi í síbẹ̀. "Kò padà? Lábẹ́ òǹtẹ̀ tèmi?"

"Ìyá mi ni, sà," ni Ọmọ Aránṣọ wí. "Wọn ò padà lóòótọ́."

"Ṣé wọ́n ti kú ni?"

"Rárá o, sà. Wọ́n wà nílé."

"Ó dáa nígbà náà. Àyè ṣì wà fún wọn láti padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé wí.

Ọmọ Aránṣọ kúnlẹ̀. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dókítà, ó ní òun ò bẹ̀ fún nǹkan mìíràn ju ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ní gbọ̀ngàn lọ. Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró.

"Gbọ́ mi dáadáa, ìwọ ọmọbìnrin yìí. Èmi tí ò ń wò yìí, èmi kọ́ ni mo jókòó sórí àga yìí, orílẹ̀-èdè ló jókòó síbẹ̀. Tí mo bá mí, òfin ló mí. Ṣé o fẹ́ kí òfin máa fi ojú ẹnì kan ṣoṣo ṣe òdiwọ̀n? Lọ tún un ṣe. Kí ìyá rẹ padà sábúlé, kó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó sọ pé òun ṣìnà. Kó sunkún. Ẹkún náà, kó má dín ní ìṣẹ́jú méjì."

"Oníṣẹ́jú, kọ ọ́ sílẹ̀," ni akọ̀wé wí. Oníṣẹ́jú kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Ọmọ Aránṣọ délé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àpótí, ó ń ká etí ṣòkòtò kan. Ọwọ́ ló fi ń wá ibi tó ń rán, kò tilẹ̀ bojú wò ó mọ́.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ padà sábúlé, mà. Kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ tọrọ àforíjì."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ abúlé."

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí tí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ bẹ̀rẹ̀, ó bá a wá a. Nígbà tí ìyá máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. "Bàbá mi ló ra maṣíìnì yẹn fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e rù mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kí n má wẹ̀yìn, kó má baà já bọ́ lórí mi. Ta ni mo wá ṣẹ̀? Tí ojú mi ò bá rí fíìmù yẹn, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n má gbé mi lọ jókòó sáàárín èrò kí n máa wo irọ́ tí wọ́n pa mọ́ mi. Kó má jẹ́ ohun tí mo máa rí kẹ́yìn nìyẹn."

Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó sunkún díẹ̀, ìyá sì ń ká etí ṣòkòtò rẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ó bá Ọ̀gá tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Èrò kan ti wá sí i lọ́kàn níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n. Ó ní ohun tí kò jẹ́ kí àwọn fíìmù yìí wọ ará ìlú lára ni pé òun ò sí nínú wọn. Òun yóò dúró níparí fíìmù Ọmọ Aránṣọ, òun yóò bá aráyé sọ̀rọ̀ láti abúlé. Wọn ò gbọdọ̀ gé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀, òun sì ni ẹni tí wọ́n máa rí kẹ́yìn.

"Ṣé a máa lọ sábúlé yín ni, sà?" ni Ọmọ Aránṣọ béèrè.

Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni Ọ̀gá dé abúlé rẹ̀ gbẹ̀yìn, ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ ni, kò sì sùn síbẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Ó ní kò sí ìdí láti máa da ara ẹni láàmú. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ló di abúlé. Wọ́n kó ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n da erùpẹ̀ lé kọnkéré, wọ́n yá ewúrẹ́ méjì. Wọ́n ní kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kó jókòó sórí àpótí. Òun ni ará abúlé.

Ìwé kan ni Ọ̀gá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó kà á tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọmọ Aránṣọ fẹ́ sọ pé ó tó. Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbá a lọ́wọ́ mú. Ó sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Ẹnì kan kì í sọ fún Ọ̀gá pé ó tó." Ọ̀gá rí i pé kámẹ́rà ṣì ń wo òun, kò sì sí ohun tó lè pa ẹnu ọkùnrin yẹn dé tí nǹkan kan bá ń wò ó. Ló bá ń sọ èyí tí kò sí nínú ìwé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi náà kúrò lábúlé. Ojoojúmọ́ ni mo ń sunkún sínú nítorí rẹ̀. Ilé ńlá tí mo ń gbé nílùú yìí, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ̀rọ amúlétutù mi, òtútù lásán ló ń kó ràn mí. Iṣẹ́ ìjọba ló so mí mọ́ ìlú ńlá bí ẹran. Ẹnikẹ́ni tó bá lè tú mi sílẹ̀ lónìí, kí n padà sí ilẹ̀ tí wọ́n bí mi sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa dì mú."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò. Láàárín ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ̀ kan fọn fèrè lóde, ni ará abúlé bá fò dìde lórí àpótí, ó sáré lọ ṣí géètì, ó kí ọlọ́kọ̀ bí ọmọ ogun, ó sì padà wá jókòó. Ọ̀gá ti ní wọn ò gbọdọ̀ gé nǹkan kan. Ọmọ Aránṣọ ò gé nǹkan kan.

Nígbà tó tún gbé fíìmù wá, ó béèrè pé, "Ṣé kí n gbé gbogbo rẹ̀ sí i fún yín, sà?"

"Gbogbo rẹ̀ ti kí ni? Gbé ibi tí mo wà sí i."

Ìgbà mẹ́rin ni Ọ̀gá wo ibi tó wà. Ó béèrè lọ́wọ́ Oníṣẹ́jú bóyá ìṣẹ́jú pé. Oníṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ti sọ abúlé di mọ́kàndínláàádọ́ta, ìyókù wà nínú ìwé tí òun kọ. Ọ̀gá ò ka ìwé náà. Ó lu òǹtẹ̀ gbà-á. Ọmọ Aránṣọ mú ìwé àṣẹ rẹ̀, ó jáde. Ó mọ̀ pé aránṣọ inú fíìmù òun ò padà sí ibì kankan. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ìwé Oníṣẹ́jú kí ọjọ́ tí wọ́n máa gbé fíìmù náà sókè tó pé, wọ́n máa gba ìwé àṣẹ yẹn, ìyá òun ò sì ní rí nǹkan kan mọ́ láyé yìí.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló pe Mínísítà tó jẹ́ ọ̀gá tirẹ̀ wá wo fíìmù náà lọ́jọ́ Sátidé. Ó pe àwọn oníròyìn. Ó lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ iwájú gbọ̀ngàn, ó tóbi débi pé wọ́n ní láti ká etí rẹ̀ kan sẹ́yìn kí ilẹ̀kùn tó lè ṣí. Mínísítà yìí, obìnrin ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun téèyàn bá sì sọ fún un ló máa ń gbà gbọ́. Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni o. Òun náà máa ń fẹ́ kí oníròyìn wà nítòsí tóun bá fẹ́ ṣe rere. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn, ó jókòó síwájú pátápátá, Ọ̀gá wà lọ́tùn-ún rẹ̀, Ìyá Aránṣọ àti ọmọ rẹ̀ wà lápá òsì.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan gun ọkọ̀ ẹrù pẹ̀lú maṣíìnì lórí. Ọmọ Aránṣọ ò wo fíìmù, ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ìyá ti na ọrùn síwájú, ojú ọ̀tún rẹ̀ là rekete, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Yàrá ẹ̀yìn gáréèjì yọ, ìyá wí jẹ́jẹ́ pé, "Bẹ́ẹ̀ náà ni fèrèsé yẹn rí." Ọ̀gá ní tiẹ̀ ń sùn. Nígbà tó máa jí, aránṣọ ti darúgbó nínú fíìmù, ó jókòó nídìí maṣíìnì rẹ̀ nílùú ńlá, ó ń kọrin. Ọ̀gá wá bọ́ọ̀sì títí, kò rí i. Ó fò dìde kó ní kí wọ́n dá a dúró, ni ojú òun fúnra rẹ̀ bá yọ gàdàgbà lára aṣọ funfun. Ó dúró. Ó wo ara rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó jókòó.

Nígbà tí ará abúlé sáré lọ ṣí géètì, gbogbo gbọ̀ngàn ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Mínísítà náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi ẹkún inú àti òtútù amúlétutù, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

Iná tàn. Ọ̀gá dìde kíákíá. "Mínísítà, mà, wọ́n ti rú òfin níhìn-ín. Aránṣọ yẹn kúrò lábúlé, kò padà. Mo gbẹ́sẹ̀ lé fíìmù yìí láti ìsinsìnyí lọ."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ lu òǹtẹ̀ sí i ni?" ni Mínísítà béèrè. "Ta ló wò ó?"

Oníṣẹ́jú bọ́ síwájú pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ohùn kan náà tó fi ń ka ìṣẹ́jú ló fi kà á. "Èèyàn méjì ló kúrò lábúlé nínú fíìmù yìí, mà. Aránṣọ ni ọ̀kan, Ọ̀gá wa nìkejì. Àwọn méjèèjì ò padà."

Mínísítà yí sí Ìyá Aránṣọ. "Mà, ṣé ẹ fẹ́ padà sábúlé?"

"Rárá o, ọmọ mi. Aṣọ oníbàárà ń bẹ nílẹ̀."

Mínísítà wo àwọn oníròyìn, ó wá yí sí Ọ̀gá. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ọ̀gá? Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mi ò mọ̀ pé àwa la so yín mọ́lẹ̀. Ṣé ká tú yín sílẹ̀?"

Ọ̀gá la ẹnu, kò rí ohun tó máa jáde níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn kan ti jáde, ó mọ́ gaara, ó kún fún ọ̀wọ̀:

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Gbogbo èèyàn bú sí àtẹ́wọ́. Ọ̀gá yí padà wo akọ̀wé rẹ̀, akọ̀wé náà ń wo ẹnu ara rẹ̀ bíi pé ẹlòmíràn ló ni ín. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fún Ọ̀gá ní tíránsífà. Ó di olórí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà ní abúlé rẹ̀, yàrá kan, tábìlì kan, kò sí sinimá kankan níbẹ̀ tó máa yẹ̀ wò. Nínú àwọn mẹ́rin tó ń tẹ̀ lé e, ẹyọ kan ló bá a lọ, ìyẹn ẹni tí kì í gbé nǹkan kan. Mo gbọ́ pé òun ló ń gbé gbogbo ẹrù báyìí. Òfin padà-sábúlé náà sì wọ inú dúrọ́ọ̀, kò jáde mọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré kọjá ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí Mínísítà àti oníròyìn ti lọ tán, Ìyá Aránṣọ ò dìde. Ó ní kí wọ́n bẹ ẹni tó ń gbé fíìmù sókè pé kó tún gbé e sí i, kó yọ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá kúrò. Ọkùnrin náà tún gbé e sí i. Ìyá tún bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ọmọ rẹ̀ yíjú sí i, ó rí i pé ó ti di ojú méjèèjì.

"Ìyá mi, ṣé ojú ń dùn yín? Ṣé ká dá a dúró?"

"Má dá a dúró." Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, kò la ojú. "Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra báyìí. Bàbá mi ń tún òṣùká mi ṣe. Ó yá, wò ó fún mi, ṣé ibẹ̀ náà la wà?"

Ọmọ gbójú sókè wo aṣọ funfun. Bàbá àgbà ń tún òṣùká ṣe.

"Ibẹ̀ náà ni, mà."

"Ó dáa," ni ìyá wí. "Mo ti ń mọ̀ ọ́n sórí."